Ìgbà Tí A Sọ Irin Di Dígí

  Àwọn tó máa ń kọ̀wé sínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ọ̀rọ̀ oge àti ọ̀rọ̀ àṣà tó ń parẹ́ ni wọ́n sábà máa ń mú bọnu. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ni àwa mẹ́ta tí a pawọ́ pọ̀ kọ èyí wà, ohun tí ojú wa sì rí ní Ijala, ní Wàrí, nígbà tí a lọ ṣe iṣẹ́ ìdánrawò olóṣù mẹ́fà, kò tíì jẹ́ kí a rí nǹkan mìíràn kọ. Ìtìjú wa ni a fẹ́ rò fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in tẹ́rùn. Àwa náà ti fi ara wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ Ijala díẹ̀. Nígbà tí a gbọ́ orúkọ náà, ìjálá ọdẹ ló wá sí wa lọ́kàn, ọ̀kan nínú wa sì ti ń sun ìjálá kí ọkọ̀ wa tó dé Sapele. Kò sí ohun tó pa méjèèjì pọ̀. Ilẹ̀ àwọn Ìtsẹ́kírì ni Ijala, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń sin àwọn Olú ìlú Wàrí sí. Ìtàn wọn sọ pé Ginuwa, ọmọ ọba Bìní tó dá ìjọba náà sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ibẹ̀ ni òun náà sùn sí. A ò fi àmì ohùn sórí orúkọ ìlú náà, nítorí ẹnu àwọn tó ni ín ló mọ bí a ṣe ń pè é. Síbẹ̀, ọmọ ìyá ni èdè wọn àti tiwa. Agbo ilé kan náà ni àwọn onímọ̀ èdè kó Yorùbá, Ìtsẹ́kírì àti Igala sí. Ohun tí àwa ń pè ní ọmọ, ọma ni àwọn ń pè é. Ilé ìfọpo tí ìjọba àpapọ̀ ṣí ní ọdún 1978 kò sì jìnnà síbẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ńlá ni a fẹ́ kí wọ́n gbà wá sí, ṣùgbọ́n àyè kò sí. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Ijala ni a bá ara wa, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìlọta ṣe. Ọmọ Ùròbò ni Ọ̀gá. Píjìn Wàrí ni a jọ ń sọ, nítorí náà ohun gbogbo tí ẹ bá kà pé ó sọ níhìn-ín, àwa la sọ ọ́ di Yorùbá. Adùn rẹ̀ ti dín kù. Ẹ̀yin tí ẹ bá gbọ́ Píjìn Wàrí rí á mọ ohun tí à ń sọ.

Màmá kan wà ní Ijala tó ń lọ ata. Lister ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà kò ní ṣàì mọ̀ ọ́n: òun ni ó máa ń dún gbì-gbì-gbì ní kùtùkùtù, tí àgbá irin ńlá méjì ń yí lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, tí omi ìtutù rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀mù. Ìlú Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Íńdíà gba iṣẹ́ náà, tí wọ́n ń ṣe èyí tó jọ ọ́. Ti Íńdíà ni ti Màmá. Písítìn kan ṣoṣo ló ní, agbára ẹṣin 6, ó sì ń yí nígbà 650 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iye yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ẹ́ńjìnnì náà ti ń rẹ̀ ẹ́. Kò fẹ́ tètè dáhùn láàárọ̀, bí ata bá sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, á máa mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ọ̀gá tú u, ó ní àwọn ríǹgì tó yí písítìn ká ti jẹ, ṣùgbọ́n sílíìfù, ìyẹn kòtò irin tí písítìn ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, ṣì dára. Ó ní kí Màmá lọ ra ríǹgì tuntun. Lọ́jọ́ tí ríǹgì dé, ìsìnkú gbé Ọ̀gá lọ sí ìlú rẹ̀. Ohun tó sọ fún wa kò ju èyí lọ: "Ẹ fọ sílíìfù yẹn, kí ẹ dúró dè mí."

A fọ̀ ọ́. A ò dúró dè é.

Nígbà tí a fọ sílíìfù náà tán, a rí àwọn ilà tínínrín-tínínrín lára rẹ̀, tí wọ́n dá ara wọn kọjá bí ẹni hun ẹní. Àwọn ibì kan ti parẹ́, ibòmíràn ṣì hàn. A wo ara wa lójú. Ọgbẹ́ ni a pè wọ́n. Ṣebí wọ́n kọ́ wa nínú kíláàsì pé àìdán ojú irin ló ń mú kí irin máa ha irin, tí irin fi ń jẹ irin? Bí ojú irin bá wá dán bíi dígí ńkọ́, kí ni yóò máa ha kí ni? A lọ ra sáńpépà tó kúnná jù lọ, a fi ọ́ìlì sí i, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra á. Ọjọ́ méjì gbáko. Nígbà tí a parí, a lè ka eyín ara wa nínú sílíìfù náà. Ọ̀kan nínú wa tilẹ̀ fi ya irun rẹ̀. A ki ríǹgì tuntun bọ̀ ọ́, a dì í, a sì gbé e lọ fún Màmá fúnra wa, kí Ọ̀gá lè dé kó bá iṣẹ́ tó parí.

Inú Màmá dùn. Ó gbé stáàṣì àti ọbẹ̀ ẹyìn, èyí tí wọ́n ń pè ní bángà, síwájú wa, ó ń pè wá ní ọma, ó ń pè wá ní ọma. Oúnjẹ yẹn, a ò lè rántí rẹ̀ kí ọ̀nà ọ̀fun wa má há títí di òní.

Ní ọjọ́ kẹta, èéfín bẹ̀rẹ̀, èéfín aláwọ̀ búlúù. Ẹni tó bá gbé ata wá á lọ dúró lókèèrè. Ọ́ìlì tó yẹ kó lo fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ́ńjìnnì náà mu ún láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Màmá ránṣẹ́ sí wa, a ní kó fara balẹ̀, pé ríǹgì tuntun ló ń wá ibi jókòó. (A gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹnì kan ni, a ò mọ ohun tó túmọ̀ sí.) Ní ọjọ́ kẹjọ, tó jẹ́ Ọjọ́bọ̀, písítìn há mọ́ inú sílíìfù, gbogbo rẹ̀ dúró gbagidi. Màmá sì ti gba iṣẹ́ ata òkú kan tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Sátidé, ó ti gba owó lọ́wọ́ wọn, ó sì ti fi owó náà san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀.

Àwo ata tútù ni ó gbé dé ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó bẹ inú sílíìfù wò, ó rí ibi tó dán àti ibi tó ti fàya, ó wá bi wá pé, "Ẹ̀yin ni ẹ sọ irin mi di dígí?" A ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, kí ó lè máa yọ̀ ni. Ó ní: "Irin méjì tó ń lọ ata níwájú ẹ̀rọ mi, bí ojú wọn bá ti dán, wọn kì í lọ ata mọ́. Èmi ni mo máa ń gbé e lọ kí wọ́n gbẹ́ eyín sí i padà. Ọlọ ìyá mi náà, a máa ń fi òkúta líle ṣá ojú rẹ̀ ni. Ta ló sọ fún yín pé irin tó dán ni irin tó dára?"

A ò rí èsì fọ̀. Lóòótọ́, nígbà tí a rò ó lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ Màmá kò bá ti sílíìfù mu tán. Eyín ọlọ, kí ó lè bu ata jẹ ni wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ. Ilà inú sílíìfù kò gbọdọ̀ bu nǹkan jẹ rárá. Òkúta líle kan náà lè ṣá méjèèjì, ohun tí a ń wá níbẹ̀ ló yàtọ̀: ọ̀kan ń wá ẹnu, èkejì ń wá ìkòkò omi. Ṣùgbọ́n Màmá tí kò wọ kíláàsì kankan lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ ti rí ohun tí àwa ò rí, pé ojú irin ní iṣẹ́ tó ń ṣe, kì í ṣe oge ló ń ṣe.

Ọ̀gá dé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó bá gbogbo wa ní ìjókòó bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Ó yọ sílíìfù náà, ó gbé e sórí tábìlì, ó tún mú sílíìfù mìíràn tí kò tíì lò, èyí tí ilà kún inú rẹ̀. Ó kán ọ́ìlì sínú èkínní àti èkejì. Ó wá fi àtàǹpàkò nu ọ́ìlì náà kúrò. Nínú tiwa, ibi tó nù gbẹ, ó ń kọ yànrànyànràn. Nínú èkejì, bó ti wù kó nù ún tó, ọ́ìlì ṣì ń dán nínú àwọn ilà. Ó nawọ́ àtàǹpàkò rẹ̀ sí wa, ó ní, "Písítìn nìyí." Ìyẹn nìkan ni ìwàásù tó ṣe. Ẹ̀rù ohun tí yóò sọ tẹ̀ lé e ń bà wá, kò sì sọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀ bí ó ti wá yé wa. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi ayára ní Wàrí rí á ti rí i pé bí ọkọ̀ náà bá ń rọra lọ, inú omi ló máa ń jókòó sí. Bí ó bá wá ń sáré, omi á gbé e, imú rẹ̀ á yọ sókè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ríǹgì ṣe ń rìn lórí ọ́ìlì. Bí ó bá ń sáré, ọ́ìlì á gbé e kúrò lára sílíìfù, irin ò ní kan irin. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Beauchamp Tower, ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní ọdún 1883 pé ọ́ìlì inú bẹ́árìn lè ní agbára tó fi ń gbé ẹrù. Ní ọdún 1886, Osborne Reynolds ṣe ìṣirò tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n písítìn kì í sáré lọ síbì kan láìpadà. Bí ó bá dé òkè, á dúró kí ó tó padà. Bí ó bá dé ìsàlẹ̀, á tún dúró. Ẹ́ńjìnnì Màmá tó ń yí nígbà 650 ní ìṣẹ́jú kan, písítìn rẹ̀ ń dúró nígbà 1,300 láàárín ìṣẹ́jú náà. Ní wákàtí kan, ìgbà 78,000. Nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá dúró, ọkọ̀ ti jókòó sínú omi nìyẹn. Òkè tó sì ti ń dúró yẹn ni iná ti ń jó, tí ooru ti pọ̀ jù. Bí kò bá sí ọ́ìlì kankan tó sá pamọ́ sínú ilà níbẹ̀, irin á bá irin pàdé ní gbígbẹ.

Kí ló wá dé tí ẹ̀rọ tí kò ní ọ́ìlì lára sílíìfù fi ń mu ọ́ìlì bí ọ̀mùtí? Ọ̀rọ̀ yìí dàrú mọ́ wa lọ́wọ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Ríǹgì tuntun ní láti jẹ díẹ̀ kí ó tó bá sílíìfù mu wẹ́kú. Orí ilà tó rí gbágungbàgun díẹ̀ ló máa ń bá a gé ara rẹ̀ sí ìwọ̀n. Lórí dígí tiwa, ríǹgì kàn ń yọ̀ lásán ni, kò bá sílíìfù mu. Iná ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ọ́ìlì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gòkè lọ jóná. Ooru iná náà wá ń yan ìwọ̀nba ọ́ìlì tó kù lára irin títí ó fi le bí àlẹ̀mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó fàya.

Písítìn àti sílíìfù náà kò ṣe é tún lò. Owó tí a tọ́jú láti fi wọkọ̀ padà sílé àti èyí tí a fẹ́ fi ra bàtà, a kó gbogbo rẹ̀ jọ, kò tó. Ọ̀gá fi èyí tó kù kún un, ó ní a ó fi ọwọ́ wa san án. A fi ọwọ́ wa san án ní tòótọ́. Gbogbo ẹ́ńjìnnì tó dọ̀tí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn fún oṣù méjì tó tẹ̀ lé e, àwa la fọ̀ wọ́n. Ní ti ata òkú, Màmá gbé e lọ sọ́dọ̀ alọta mìíràn ní òru Ọjọ́ Ẹtì, ó sì san ju iye tó gbà lọ. Àwa la ru ata náà.

Sílíìfù tí wọ́n rà kò ní ilà kankan nínú. Lọ́tẹ̀ yìí Ọ̀gá dúró tì wá. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà, tí òkúta ìpọ́n wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á dè é mọ́ ẹ̀rọ ìlulẹ̀, wọ́n á kì í bọ inú sílíìfù, bí ó ti ń yí ni ẹ ó máa fà á sókè sódò. Bí ẹ bá fà á lọ́ra jù, ilà náà á sùn sílẹ̀; bí ẹ bá fà á yá jù, á dìde dúró. A fẹ́ kí wọ́n dá ara wọn kọjá ní nǹkan bí ìdajì igun tó ṣe déédéé, ìyẹn 45. Òkúta tó rí págunpàgun ni a kọ́kọ́ lò, kí ilà lè jìn. Lẹ́yìn náà Ọ̀gá yọ ọ́, ó fi òkúta tó kúnná sí i, ó ní kí a fà á ní ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ péré. "Orí òkè ni kí ẹ gé," ni ó wí, "ẹ fi àfonífojì sílẹ̀." Ẹ ò rí i pé dídán náà wà níbẹ̀: ibi tí ríǹgì ń tẹ̀ dán, ibi tí ọ́ìlì ń gbé jìn.

Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni a fi fọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà, kì í ṣe pẹtiróòlù, nítorí pẹtiróòlù kì í kó ẹ̀rún òkúta kúrò nínú ilà. A fi aṣọ funfun nù ún títí aṣọ náà kò fi dúdú mọ́, a sì fi ọ́ìlì pa á lójú ẹsẹ̀ kí ó má baà dípẹtà. Nígbà tí a gbé e padà sí Ijala, a fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà máa sáré lásán fún ọjọ́ kan, kí a má baà tètè dẹ́rù lé e lórí. Ọ̀gá kọ̀. Ó ní Lister tó bá ń ṣeré lásán á tún padà di dígí. Kí a fún un ní ata lọ̀. Màmá ti gbé àwo dúró kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Nígbà tí a padà sí ilé ẹ̀kọ́, a wọ ilé ìkàwé lọ, ìwọ̀nba tí a rí kà sì yà wá lẹ́nu. Ní ọdún 1966, Hamilton, Walowit àti Allen ní Amẹ́ríkà gbé ìwé jáde pé àwọn kòtò àti òkìtì kéékèèké lójú irin lè mú kí ọ́ìlì gbé ẹrù sí i. Ọdún kan náà ni ìgbìmọ̀ Peter Jost ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde orúkọ tribology fún ìmọ̀ nípa ohun méjì tó ń fara rìn lórí ara wọn, wọ́n sì ṣírò pé owó tí ilẹ̀ wọn lè máa fi pamọ́ lọ́dún bí wọ́n bá kọbi ara sí i lé ní 500 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ní àwọn ọdún 1990, Izhak Etsion àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Technion, ní ìlú Haifa, ń fi iná léésà lu kòtò róbótó-róbótó sójú irin. Bí ẹ bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000, jíjìn irú kòtò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 5 sí 10 nínú rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ á tó bí 100. Irun orí kan nípọn tó nǹkan bí 70. Síìlì pọ́ǹpù ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò, irú èyí tí kì í jẹ́ kí ohun tí pọ́ǹpù ń fà jò jáde. Ilé ìfọpo kankan kò lè ṣiṣẹ́ láìsí síìlì, a sì rántí pé ọ̀kan wà nítòsí Màmá.

Kòtò kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú ọ́ìlì fún ìgbà ọ̀dá. Ó ń gbé ẹ̀rún irin àti yanrìn mì kí wọ́n má baà máa ha ojú irin kiri, èyí tí ẹnikẹ́ni tó mọ eruku ọ̀nà wa nígbà ọyẹ́ á mọ rírì rẹ̀. Bí irin bá sì ń sáré, kòtò náà a máa ti ọ́ìlì sókè, bí ẹni pé ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ló pọ̀ lọ súà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má lọ gbé ìṣó àti òòlù. Bí kòtò bá jìn jù tàbí tó pọ̀ jù, ọ́ìlì á já bọ́ sínú rẹ̀ dípò kí ó gbé ẹrù. Níbi tí ẹrù ti tẹ ojúkò kan ṣoṣo, bíi lára eyín jíà tàbí ọmọ bẹ́árìn, kòtò tó jìn lè ba nǹkan jẹ́ ni. Léésà pàápàá máa ń fi etí sílẹ̀ yí kòtò ká, wọ́n sì ní láti gé etí náà kúrò. Orí òkè ni kí ẹ gé. Ọ̀gá kò mọ Etsion, bẹ́ẹ̀ ni Etsion kò mọ Ọ̀gá.

Ní ọdún 2017, Kenneth Holmberg àti Ali Erdemir ṣírò rẹ̀ pé nínú gbogbo agbára tí aráyé ń lò, nǹkan bí ìdá 23 nínú 100 ló ń bá irin tó ń ha irin àti irin tó ń jẹ lọ: 20 fún bíborí ìháragbá náà, 3 fún pípààrọ̀ ohun tó ti jẹ. A ka iye yẹn, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ọjọ́ mẹ́rin ló wá sí wa lọ́kàn.

Kí a tó kúrò ní Wàrí, a lọ kí Màmá pé ó dìgbà. Ata ń bẹ lẹ́nu ẹ̀rọ, èéfín rẹ̀ kò hàn mọ́ àfi kí ènìyàn tẹjú mọ́ ọn. Ó bi wá bóyá a ti jẹun. A ní a ti jẹun. Ó ní irọ́ ni, ó sì lọ gbé stáàṣì.

Sílíìfù tí a bà jẹ́ náà, Ọ̀gá ní kí a máa gbé e lọ. Orí tábìlì wa ní ilé ibùgbé ló wà báyìí, a ń kó kálámù sínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ṣì ń dán. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó wá, kó sì mú ọ́ìlì díẹ̀ lọ́wọ́, kó fi àtàǹpàkò ara rẹ̀ nù ún wò.